Ǹjẹ́ Kòkòrò Àrùn Lè Mú Kí Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Le?

Nígbà tí àgbàlagbà kan bá sùn ní àlàáfíà, tí ó sì jí pẹ̀lú ẹnu tí ó wọ́ àti apá kan tí kò ṣeé gbé mọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ará ilé kọ́kọ́ máa ń rò ni pé àwọn ọ̀tá ni ó ṣe é. Lọ́pọ̀ ìgbà, iṣan tí ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ ni ó dí tàbí tí ó bẹ́. Bí ó bá jẹ́ iṣan tí ó ń bọ́ ọkàn ni ó dí, àyà a máa dun olúwarẹ̀ gidigidi, ikú òjijì sì lè tẹ̀lé e.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ ọmọdé rọ̀, ó sì ń nà bí rọ́bà. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀rá a máa wọ inú ògiri iṣan náà díẹ̀díẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, a wọlé láti kó ọ̀rá yìí jẹ; wọn a jẹ àjẹjù, wọn a sì kú síbẹ̀. Ojú ibẹ̀ a wú, ògiri a le gbagidi, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ a sì há. Bí ibi tí ó wú náà bá ya lójijì, ẹ̀jẹ̀ a dì lé e lórí.

Nítorí pé ọgbẹ́ yìí jọ ibi tí ara ti ń bá àrùn jà, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá kòkòrò ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ní ọdún 1988, Pekka Saikku àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Finland rí àmì nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn alárùn ọkàn pé Chlamydia pneumoniae ti bá wọn jà rí. Kòkòrò yìí a máa fa ikọ́ àti òtútù àyà. Ẹ má ṣe ṣì í mú fún ìbátan rẹ̀ tí a ń kó nípa ìbálòpọ̀. Ní ọdún 1992, Allan Shor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà rí kòkòrò náà gan-an nínú iṣan ọkàn àwọn òkú tí wọ́n yẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ni a tún rí ipa àwọn kòkòrò inú èrìgì nínú iṣan tí ó ti le.

Ǹjẹ́ bí a bá pa kòkòrò náà, àrùn yóò ha dẹ̀yìn bí? Wọ́n dán an wò. Ní Amẹ́ríkà, àwọn alárùn ọkàn tí ó lé ní 4,000 kópa nínú ìdánwò kan: apá kan ń lo azithromycin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún kan gbáko, apá kejì ń lo ayédèrú oògùn tí kò ní agbára kankan. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 2005, kò sí ìyàtọ̀. Èsì ti ilẹ̀ Denmark tí ó jáde ní ọdún 2006 tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn tí ó lo clarithromycin fún ọ̀sẹ̀ méjì ni ó kú jù. Ẹni tí a bá níbi tí ilé ti ń jó kì í ṣe òun dandan ni ó tiná bọ̀ ọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má ṣe fi owó oúnjẹ ra kápúsù aláwọ̀ méjì lọ́wọ́ àwọn tí ń polówó oògùn nínú ọkọ̀, pé ẹ fẹ́ fọ ẹ̀jẹ̀ bàbá tàbí ìyá àgbà. Kò ní la iṣan kankan. Kàkà bẹ́ẹ̀, àwọn kòkòrò ara a mọ oògùn náà lára, tí ó fi jẹ́ pé ní ọjọ́ tí òtútù àyà bá mú ọmọ ọwọ́, oògùn kò ní ràn án mọ́. Àwọn ohun tí ó dájú pé ó ń ba iṣan jẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, sìgá àti ọ̀rá tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀.

Ti èrìgì kò ṣeé fojú fò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ọdún 2012 ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọkàn ní Amẹ́ríkà sọ pé kò tíì sí ẹ̀rí pé òun ni ó ń fa àrùn iṣan. Ẹ fi orín tàbí búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹnu láàárọ̀ àti kí ẹ tó sùn. Èrìgì tí ó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ nígbà gbogbo, ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín ni kí ẹ gbé e lọ, pàápàá bí aláìsàn bá ní àtọ̀gbẹ.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí àwọn ará ilé mọ̀ dáadáa. Ìwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jáde ní ọdún 2004, fi hàn pé láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí àrùn àyà bá mú ènìyàn, ewu kí iṣan ọkàn rẹ̀ dí tó ìlọ́po márùn-ún. Bí ikọ́ àti ibà bá dá àgbàlagbà tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru dùbúlẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ jẹ, ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀. Bí àyà bá ń dùn ún, bí ẹnu rẹ̀ bá wọ́, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, tàbí bí apá kan kò bá ṣeé gbé, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí náà gan-an, ẹ má sì fi àgbo tàbí omi sí i lẹ́nu.