Àṣẹ Olùwádìí Lórí Owó Ìwádìí ní Amẹ́ríkà

Bí àjọ NIH, tó ń náwó ìjọba Amẹ́ríkà sórí ìwádìí ìṣègùn, bá fọwọ́ sí owó fún iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì kan, owó náà kì í wọ àpò olùkọ́. Yunifásítì ni wọ́n ń fún, òun náà ni yóò sì jíhìn. Olùkọ́ tó kọ̀wé béèrè owó ni olórí ìwádìí: òun ló ń yan ẹni tí wọn yóò gbà síṣẹ́ àti irinṣẹ́ tí wọn yóò rà. Àwọn akọ̀wé owó yunifásítì ló sì ń sanwó.

Ọ̀nà méjì ni owó náà pín sí. Àkọ́kọ́ ni owó iṣẹ́ gan-an: owó oṣù, kẹ́míkà, ẹ̀rọ àti ìrìn àjò. Owó oṣù ló sábà ń kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Èkejì ni owó àjùmọ̀lò, tí yunifásítì ń gbà nítorí ilé, iná mànàmáná, ibi ìkàwé àti iṣẹ́ ọ́fíìsì. Yunifásítì àti ìjọba ló ń jọ dúnàá-dúrà lórí rẹ̀. Ní 1990 sí 1991, ariwo sọ ní Yunifásítì Stanford nígbà tí àwọn olùyẹ̀wéwò ìjọba rí ìnáwó ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ nínú owó àjùmọ̀lò tí wọ́n kà sí ìjọba lọ́rùn. Láti 1991 ni ìjọba ti fi gbèdéke sí apá ti ọ́fíìsì: kò gbọdọ̀ ju ìdá 26 nínú 100 owó iṣẹ́ lọ.

Kí ìnáwó kan tó kọjá, iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ bójú mu, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti iṣẹ́ náà, òfin sì gbọ́dọ̀ gbà á. Òfin kò gba ọtí àti fàájì.

Ìwádìí kì í sábà lọ bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀, nítorí náà olórí ìwádìí lè fi owó tó wà fún ẹ̀rọ ra kẹ́míkà, láìtọrọ ààyè lọ́wọ́ NIH. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ yí ohun tí ìwádìí dá lé padà, tàbí kó dín àkókò tó ṣèlérí fún iṣẹ́ kù ní ìdá 25 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó di dandan kó tọrọ. Bó bá kó lọ sí yunifásítì mìíràn, owó kò lè tẹ̀lé e àfi bí yunifásítì àkọ́kọ́ bá yọ̀ǹda, tí NIH náà sì fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn tí àkókò owó bá parí, yunifásítì ní 120 ọjọ́ láti fi àbọ̀ ìnáwó ránṣẹ́, yóò sì tọ́jú àwọn ìwé owó fún ọdún 3 ó kéré tán. Owó tí wọn kò bá ná, ti ìjọba ni.