Ẹ Wọn Omi Kí Ẹ Tó Kó Edé Sí I

Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n omi tó mọ́ lójú lè pa edé, owó ara wa la sì fi kọ́ ẹ̀kọ́ náà.

Edé pupa kéékèèké tí wọ́n ń sìn nínú àpótí dígí là ń wí. Ìhà Ṣáínà àti Taiwan ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá; omi odò ló ń gbé, kì í ṣe omi iyọ̀. A ra 30. A da omi sí àpótí tuntun láàárọ̀, a kó wọn sí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹrin fi mọ́, 4 ló kù. A ní ẹni tó tà á fún wa ló rẹ́ wa jẹ, a lọ bá a jà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bi wá: "Ṣé ẹ wọn omi yín?" Ẹnu wa wọhò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ìgbẹ́ edé àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù máa ń di amóníà, májèlé sì ni. Nínú àpótí tó ti pẹ́, àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí máa ń sọ ọ́ di náítíráìtì, tí òun náà burú. Wọn a tún sọ ìyẹn di náítíréètì, tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni wọ́n sábà fi ń pọ̀ tó. Àpótí tiwa kò tíì ní wọn rárá.

Ẹ ra oògùn ìdánwò omi. Ẹ fi omi àpótí ṣan ìgò kékeré rẹ̀, ẹ bu omi dé ojú ìlà, ẹ kán oògùn sí i níye tí ìwé rẹ̀ wí. Ẹ mì í, ẹ dúró dé ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ, kí ẹ wá fi àwọ̀ rẹ̀ wé ti páálí níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ wo ọjọ́ tí oògùn náà máa bàjẹ́ kí ẹ tó sanwó o!

Amóníà gbọ́dọ̀ jẹ́ 0, náítíráìtì 0. Kí náítíréètì má kọjá 20 mílígíráàmù nínú lítà kan. Kí pH wà láàárín 6.5 sí 7.8.

Omi òjò nìkan kò tó, nítorí kò ní èròjà tí edé fi ń ṣe èèpo tuntun bó bá bọ́ ti àtijọ́. Omi ẹ̀rọ lè ní kúlórììnì. Ẹ kọ́kọ́ fi oògùn pa á. Ẹ ṣọ́ra fún oògùn ẹja tó ní bàbà: ẹja lè yè é, edé ò ní yè é.

Bí owó oògùn ìdánwò bá wọni lára, ṣebí ẹgbẹ́ la wà? Ẹni mẹ́ta lè dáwó ra ẹyọ kan.

Lẹ́ẹ̀kejì, a fi ọ̀sẹ̀ 6 ju oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ sínú omi láìsí edé. A ń wọn ọ́n, a ń kọ ọ́ sínú ìwé bí a ti ń kọ owó àjọ. Ìgbà tí amóníà àti náítíráìtì di 0 la tó ra 10. Wọ́n ti ń gbé ẹyin sábẹ́ ikùn báyìí. A sì ti padà lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí a bá jà.