Aṣọ Ìpàdé Ìbánimọ̀ ní Erékùṣù Èkó

Ìpàdé ìbánimọ̀, èyí tí í ṣe àpéjọ tí àwọn oníṣòwò, agbẹjọ́rò, òṣìṣẹ́ báǹkì àti àwọn oníṣẹ́ mìíràn máa ń lọ nítorí àtimọ ẹni tí iṣẹ́ lè dà wọ́n pọ̀ lọ́jọ́ iwájú, kì í ṣe ohun tuntun ní Erékùṣù Èkó. Yoruba Tennis Club, tí ó wà ní Oníkan, ni wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1926, Island Club sì tẹ̀lé e ní ọdún 1943, irú ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ òwò ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé orí tábìlì ọ́fíìsì ní Marina tàbí Broad Street. Níwọ̀n bí ìrínisí ti jẹ́ ìsọnilọ́jọ̀, aṣọ tí ènìyàn bá wọ̀ dé ibẹ̀ a máa sọ̀rọ̀ ṣáájú ẹnu rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ni ó rò pé kóòtù àti táì nìkan ni aṣọ iṣẹ́, tí agbádá sì jẹ́ ti òde ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n ìtàn Èkó kò gbe èrò yìí lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú, pàápàá àwọn Sàró tí wọ́n ti Sierra Leone dé àti àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil dé, sọ kóòtù di àmì ọ̀làjú, títí àwọn kan láàárín wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdí tí ẹni tí oòrùn Èkó ń pa fi ní láti múra bí ará London. Gbajúmọ̀ nínú wọn ni òjíṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi nì, David Brown Vincent, tí ó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Mojola Agbebi ní ọdún 1894, tí ó kọ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, tí ó sì wọ aṣọ Yorùbá rìnrìn àjò dé òkè òkun. Herbert Macaulay, olóṣèlú Èkó nì, ní tirẹ̀ kò fi kóòtù sílẹ̀, síbẹ̀ òun ni ó bá Olóyè Amodu Tijani Olúwa lọ sí London ní ọdún 1920 lórí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá, èyí tí Olúwa jàre rẹ̀ ní ọdún 1921. Olúwa jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, ìyẹn àwọn olóyè onífìlà funfun tí wọ́n ni ilẹ̀ Èkó, bí olóyè Èkó sì ni ó ṣe múra, tí Macaulay aláṣọ òyìnbó sì dúró tì í.

Nítorí náà, níwọ̀n bí kóòtù àti aṣọ ìbílẹ̀ ti jọ jẹ́ aṣọ iṣẹ́, ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ rò ni ohun tí ọwọ́ yóò ṣe. Ìdúró pọ̀ ju ìjókòó lọ ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀: ọwọ́ kan yóò di ife ẹlẹ́rìndòdò mú, èkejì yóò máa bọ àwọn ènìyàn lọ́wọ́, yóò sì máa yọ káàdì fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni fóònù ń dún lápò. Agbádá ńlá tí apá rẹ̀ ń já bọ́ láti èjìká, tí olówó rẹ̀ ń ká a sókè ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, yóò gba ọwọ́ méjèèjì, ó sì lè gbá ife ẹlòmíràn dànù. Bùbá àti ṣòkòtò tí a fi àtíkù tàbí gínì rán, tí ó ṣe wẹ́kú, ni ó bá ibẹ̀ mu jù, bí àpò bá ti wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ télọ̀ kì í sì í rántí àpò àyà àfi bí a bá tẹnu mọ́ ọn. Kí agbádá dúró de àsè alẹ́, níbi tí àga wà.

Ní ti àwọn obìnrin, gèlè ò dùn bí i ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé ò dà bí i kó yẹni, ṣùgbọ́n gèlè gàgàrà tí ó yẹni ní òde òwàm̀bẹ̀ yóò dí ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn lójú ní gbọ̀ngàn àpéjọ bí i ti MUSON ní Oníkan. Bùbá àdìrẹ pẹ̀lú sìkẹ́ẹ̀tì dúdú, tàbí gáùn ànkárá tí kò fún jù, tó fún ìpàdé ọ̀sán. Léèsì olókùúta tí ń kọ mànà kò tó bẹ́ẹ̀, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó.

Ẹni tí yóò wọ kóòtù kí ó gbé e kọ́ apá títí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà, nítorí ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ rìn láti Ìdúmọ̀tà dé Marina yóò dé ibi ìpàdé pẹ̀lú òógùn. Ọjọ́ Ẹtì rọrùn, nítorí ọ̀pọ̀ báǹkì ti gba aṣọ ìbílẹ̀ láàyè lọ́jọ́ náà.

Ìsàlẹ̀ Èkó, àdúgbò àtijọ́ lórí erékùṣù náà, tún ní òfin tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá gbé ènìyàn dé ìga, ìyẹn ààfin ọba tàbí ilé olóyè, kí ó ṣí fìlà rẹ̀, kí ó sì wọ bàtà tí kò ní okùn, tí yóò yá a bọ́. Fìlà funfun ni kí àlejò fi sílẹ̀ nílé, nítorí àmì oyè ni níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí Ẹ̀yọ̀, eégún ilẹ̀ Èkó, bá sì jáde, kí onípàdé tètè sún ọjọ́ síwájú, nítorí bàtà àti irun ṣùkú di èèwọ̀ ní ìgboro.

Ó kù sí ọwọ́ télọ̀. Aṣọ pọ̀ ní Ọjà Balógun, àkókò télọ̀ ni kò sí bí ọdún bá ń parí lọ, nítorí náà ẹni tí ìpàdé rẹ̀ bá bọ́ sí oṣù Kejìlá, kí ó gbé aṣọ fún télọ̀ kí oṣù Kẹwàá tó parí.