Julia Child àti Joyce Chen: Obìnrin Méjì, Ilé-ìdáná Kan

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ní ìlú Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, obìnrin méjì gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dé ilé-ìdáná kan náà, níwájú kámẹ́rà ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan náà. Julia Child ni èkíní. Ètò rẹ̀, The French Chef, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1963. Joyce Chen ni èkejì. Ètò tirẹ̀, Joyce Chen Cooks, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1966. WGBH ní Boston, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n aráàlú tí kì í polówó ọjà, ló ṣe ètò méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ lo ọdún mẹ́wàá, ó sì fi nǹkan bíi 200 apá sílẹ̀. Ti èkejì kò ju apá 26 lọ. Lónìí, tọmọdé tàgbà ló mọ Julia Child ní Amẹ́ríkà, àmọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń lo ìkòkò tí Joyce Chen ṣe ni kò mọ orúkọ rẹ̀. Ṣé ọwọ́ ẹnì kan ló dùn ju ti ẹnì kejì lọ ni, àbí nǹkan mìíràn wà nídìí ọ̀rọ̀ náà? Ẹ jẹ́ ká gbé wọn sórí ìwọ̀n.

Ọdún 1949 ló yí ayé àwọn méjèèjì padà. Ọdún náà ni Julia, ọmọ Pasadena ní California, wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìdáná Le Cordon Bleu ní Párís. Ó ti pé ẹni ọdún 37 nígbà náà. Kì í ṣe ẹni tó ti kékeré mọ oúnjẹ sè. Iléeṣẹ́ amí ìjọba Amẹ́ríkà ló bá ṣiṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní Ceylon (Sri Lanka òde òní) àti ní Ṣáínà. Lẹ́nu iṣẹ́ yẹn ló ti pàdé Paul Child tó fẹ́ ẹ ní ọdún 1946, iṣẹ́ ìjọba tí Paul ń ṣe ló sì gbé wọn dé Párís. Ọdún 1949 yìí kan náà ni Joyce, tí wọ́n bí sí Beijing ní ọdún 1917, kó ẹrù kúrò ní Shanghai pẹ̀lú Thomas ọkọ rẹ̀ àti ọmọ wọn méjì, nítorí pé àwọn Kọ́múníìsì ti fẹ́ gba ìjọba. Cambridge ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí. Ìfẹ́ oúnjẹ ló gbé ẹnì kan lọ sílé ẹ̀kọ́. Ogun ló lé ẹnì kejì kúrò nílé, ọgbọ́n ìsebẹ̀ sì wà lára ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe di olùkọ́ náà yàtọ̀. Ìwé ló ṣí ilẹ̀kùn fún Julia. Òun, Simone Beck àti Louisette Bertholle fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ìwé ńlá kan lórí oúnjẹ Faransé, tó jáde ní ọdún 1961. Nígbà tí WGBH pè é sórí ètò tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìwé, ó gbé sítóòfù kékeré, páànù àti ẹyin dání, ó sì dín ẹyin níwájú kámẹ́rà. Lẹ́tà 27 ni àwọn òǹwòran kọ pé kí wọ́n tún gbé obìnrin yẹn wá. Lójú ilé-iṣẹ́ tí kò lówó púpọ̀, 27 pọ̀.

Ilé oúnjẹ ló ṣí ilẹ̀kùn fún Joyce. Ní ọdún 1957, ó ṣe egg roll fún ọjà ìkówójọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Kì í ṣe egg roll tiwa tí ẹyin sísè wà nínú rẹ̀ o. Ewébẹ̀ àti ẹran ni àwọn Ṣáínà ń fi ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dì, tí wọ́n ń dín. Kíá ló tán lórí àtẹ, àwọn òbí sì ní kó tún ṣe sí i. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ó ṣí ilé oúnjẹ rẹ̀ ní Cambridge. Ìwé tirẹ̀ jáde ní ọdún 1962. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń tà á fún àwọn oníbàárà rẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé ńlá tó gbà á. Nígbà tó fi máa dé iwájú kámẹ́rà, ó ti fi ọdún mẹ́jọ mọ ohun tí ẹnu àwọn ará Boston lè gbà.

Ibi tí ìyàtọ̀ wọn ti le jù ni ohun tí wọ́n ń kọ́ni àti ẹni tí wọ́n ń kọ́. Julia ń fi oúnjẹ ilẹ̀ òkèèrè kọ́ àwọn ará ilé rẹ̀. Joyce ń fi oúnjẹ ilé rẹ̀ kọ́ àwọn ará òkèèrè. Nígbà tí Julia bá ní kí wọ́n fi bọ́tà sí páànù, bọ́tà wà nílé gbogbo ẹni tó ń wò ó. Apá àkọ́kọ́ ètò rẹ̀ dá lórí ẹran màlúù tí a fi wáìnì pupa sè: ẹran, àlùbọ́sà, olú, wáìnì, kò sí ohun tí ìyàwó ilé ò lè rí rà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sè é nìkan ló jẹ́ tuntun. Joyce ní láti kọ́kọ́ sọ ohun tí soy sauce jẹ́, bí a ṣe ń gé atalẹ̀ tútù, àti ohun tí ẹni tí kò rí èyí tó yẹ lọ́jà lè fi dípò rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn ará Amẹ́ríkà rò pé àwọn ti mọ oúnjẹ Ṣáínà tipẹ́, nítorí pé wọ́n ti ń jẹ chop suey, ọbẹ̀ tí wọ́n ti yí dà láti bá ẹnu òyìnbó mu. Kíkọ́ ẹni tí kò mọ̀ níṣẹ́, àmọ́ iṣẹ́ ẹni tó ń kọ́ ẹni tó rò pé òun ti mọ̀ ju ìyẹn lọ, nítorí pé yóò kọ́kọ́ tú ohun tó ti wà nílẹ̀ ká.

Joyce mọ ọgbọ́n tó yẹ kó dá sí i. Nínú ilé oúnjẹ rẹ̀, ó tẹ́ oúnjẹ lọ rẹpẹtẹ sórí tábìlì gígùn kí kálukú lè bu díẹ̀ tọ́ wò kó tó pinnu. Ó fi nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan lórí ìwé oúnjẹ, kí oníbàárà má bàa máa jìjàkadì pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ìyẹ̀fun tí wọ́n di ẹran sínú rẹ̀, ó pè é ní Peking ravioli, torí pé àwọn ọmọ Ítálì pọ̀ ní Boston, wọ́n sì mọ ravioli, oúnjẹ ilẹ̀ wọn, bí ẹni mọ owó. Ọgbọ́n yìí kan náà ló gbé lọ sórí tẹlifíṣọ̀n.

Ní ti ètò fúnra rẹ̀, iná ti jó síítúdíò WGBH ní ọdún 1961, nítorí náà ilé-ìdáná tí ilé-iṣẹ́ mànàmáná Cambridge fi ń ṣe àfihàn sítóòfù ni Julia ti bẹ̀rẹ̀. Russell Morash ni olùdarí, Ruth Lockwood ni olóòtú. Paul ọkọ rẹ̀ ń bá wọn ru ìkòkò, ó tún ń fọ abọ́. Gígé àwòrán àti síso ó pọ̀ gbówó lórí nígbà náà, nítorí náà bí kámẹ́rà bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí dídúró títí ìdajì wákàtí yóò fi pé. Àṣìṣe tó bá ṣẹlẹ̀, ojú gbogbo ayé ló ṣe.

Irú rẹ̀ ni ti pòtétò. Julia ń dín pòtétò nínú páànù, ó ní òun fẹ́ ẹ́ yí i padà lẹ́ẹ̀kan náà bí àwọn ọ̀gá alásè ti ń ṣe. Ó jù ú sókè, kò gbé e bọ̀ dáadáa. Apá kan padà sínú páànù, apá kan fọ́n sórí sítóòfù. Kò yí ojú padà. Ó fi ọwọ́ kó èyí tó dà sílẹ̀ sínú páànù, ó ní ọkàn òun ni kò gbóyà tó nígbà tí òun jù ú, ó sì fi àwọn òǹwòran lọ́kàn balẹ̀ pé kò sí ẹni tó ń wò wọ́n nílé-ìdáná wọn. Ìtàn tó gbalẹ̀ lẹ́yìn náà pé adìyẹ ló bọ́ sílẹ̀ tó sì he é kì í ṣe òótọ́. Pòtétò ni, orí sítóòfù ló sì dà sí. Àmọ́ ibi tí ìfẹ́ àwọn ènìyàn sí i ti jinlẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ilé-ìdáná tí wọ́n ṣe fún ètò Julia náà ni wọ́n fún Joyce lò, wọ́n kàn fi ọ̀ṣọ́ ilẹ̀ Éṣíà tún un ṣe. Ruth Lockwood yìí náà ló ṣe olóòtú. Joyce fara balẹ̀, ó ń ṣàlàyé ní ẹsẹẹsẹ, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì ń jẹ́ kí a mọ̀ pé Beijing ló ti wá. Ohùn Julia náà kò dà bíi ti ẹlòmíràn, ó ń lọ sókè sódò débi pé àwọn aláwàdà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn Julia di ohun tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ sí, ti Joyce di ohun tí wọ́n ní láti dẹtí sí kí wọ́n tó gbọ́. Lójú tèmi, Joyce kò lè da pòtétò sílẹ̀ bíi ti Julia. Bí Julia bá ṣe àṣìṣe, òun nìkan ló ṣe é. Bí Joyce bá ṣe é, wọn yóò ní bí àwọn Ṣáínà ṣe ń ṣe nìyẹn. Àǹfààní láti ṣe àṣìṣe láìsí pé ó kan àwọn ènìyàn rẹ wà lára ohun tí ọ̀kan ní tí èkejì ò ní.

Ní ti ìdánimọ̀, ìwọ̀n fì sápá kan. Julia gba ẹ̀bùn Peabody, ó gba ẹ̀bùn tẹlifíṣọ̀n Emmy ní ọdún 1966, ìwé ìròyìn Time sì gbé àwòrán rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Láti ọdún 1970, aláwọ̀ mèremère ni ètò rẹ̀. Ti Joyce parí lẹ́yìn apá 26.

Ṣùgbọ́n ohun tó kù lẹ́yìn wọn tún ìwọ̀n náà ṣe. Julia fi ọ̀nà lélẹ̀: ọ̀pọ̀ alásè tó ń dúró níwájú kámẹ́rà ní Amẹ́ríkà lónìí, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń tọ̀. Ilé-ìdáná inú ilé rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú tábìlì tí Paul gbé ga torí pé ìyàwó rẹ̀ ga, wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington láti ọdún 2001. Joyce ní tirẹ̀ wo ìkòkò tí àwọn Ṣáínà fi ń dín nǹkan, èyí tí ìdí rẹ̀ rí kòtò bí agbada tí a fi ń dín àkàrà. Lórí ààrò, ó ń jókòó dáadáa. Lórí sítóòfù iná mànàmáná tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ńṣe ló ń mì, iná ò sì kan ìdí rẹ̀ dáadáa. Joyce ṣe èyí tí ìdí rẹ̀ tẹ́, ó fi ọwọ́ gígùn sí i, ó sì gba ìwé àṣẹ ìjọba lé e lórí. Irú rẹ̀ wà nílé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò wo apá kan ṣoṣo nínú ètò rẹ̀ rí.

Ìdájọ́ mi rèé. Lórí tẹlifíṣọ̀n, Julia ló borí, ó sì tọ́ sí i. Ọdún iṣẹ́ tó fi ṣe ìwé rẹ̀ kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Joyce ṣe ló wúwo jù, àkókò tí wọ́n fún un láti ṣe é ló sì kéré jù. Ní ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà tẹ sítáǹpù alásè márùn-ún jáde, àwọn méjèèjì wà níbẹ̀. Iye kan náà ni wọ́n ta wọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń fi èfọ́ rírò àti ọbẹ̀ ilá han ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti London tàbí Houston, iṣẹ́ Joyce lẹ ń ṣe, kì í ṣe ti Julia. Ẹ má retí pé ìyìn rẹ̀ yóò tètè dé. Ẹ fi ohun tí wọ́n lè rí rà kọ́ wọn, ẹ ṣàlàyé láìkánjú, ẹ má sì yí ọbẹ̀ náà dà títí ìyá yín ò fi ní mọ̀ ọ́n mọ́.