Ẹ̀sọ̀ Ni Kí Ẹ Fi Gun Òkè Peru

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa sọ fún mi pé òun ń gbèrò àtilọ sí Peru, láti rìn lórí òkè kí òun sì wo Machu Picchu, ìlú àwọn Inca ìgbàanì. Mo ní, "Kí ni jẹ́nótáìpù rẹ?" Ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́.

Jos tí à ń pè ní ìlú òkè, nǹkan bí mítà 1,200 ni gíga rẹ̀. Cusco, níbi tí bàálù ń já èrò sí, ga tó mítà 3,400. Atẹ́gùn ibẹ̀ fúyẹ́. Ẹ̀fọ́rí àti èébì lè bá ẹnikẹ́ni. Ó léwu gan-an fún ẹni tó jẹ́ SS. Kódà, ìrora líle lè bá AS tí ara rẹ̀ dá lápá òsì ikùn. Kó yáa sọ̀kalẹ̀, kó wá ilé ìwòsàn lọ. Ẹ rí dókítà kí ẹ tó sanwó ọkọ̀.

Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gun igi. Láti Cusco, ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ollantaytambo, nǹkan bí mítà 2,800, kí ẹ sinmi fún ọjọ́ méjì. Machu Picchu kò ju mítà 2,430 lọ, ọkọ̀ ojú irin sì ń dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ló ń gun òkè tó mítà 4,200. Èèyàn 500 péré, títí kan àwọn aláàárù, ni wọ́n ń gbà lójúmọ́, wọ́n sì máa ń tì í ní oṣù Fẹ́búárì. Ẹ tètè gba ìwé àṣẹ.

Àwa ará ìdálẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa: abéèrè kì í ṣìnà.