Wọ́n Dẹ́rù Ba Gbogbo Ayé, Ẹlòmíràn Kówó Rẹ̀ Lọ

Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1968, gbọ̀ngàn sinimá Fulton nílùú Pittsburgh, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gbé fíìmù kan jáde tó ń jẹ́ Night of the Living Dead. Kò sí gbajúmọ̀ òṣèré kankan nínú rẹ̀, dúdú àti funfun lásán ni àwòrán rẹ̀, kò sì sí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá Hollywood kankan níbẹ̀. Ìtàn rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: òkú ń jí, wọ́n ń jẹ ẹran ara alààyè, àwọn ènìyàn méje sì há sínú ilé kan lóko, wọn ò lè fẹnu kò lórí ọ̀nà tí wọ́n máa gbà yè é. Fíìmù yìí ló fi ìlànà lélẹ̀ fún òkú tó ń rìn tí gbogbo ayé ń wò lónìí: pé wọ́n máa ń wọ́ rìn lọ́wọ̀ọ̀wọ́, pé ẹni tí wọ́n bá bù jẹ á di ara wọn, àti pé orí ni wọ́n gbọ́dọ̀ yìnbọn fún kí wọ́n tó kú pátápátá. Síbẹ̀ àwọn tó dá ìlànà yìí sílẹ̀ kọ́ ló jẹ èrè rẹ̀. Ohun tí ìtàn wọn fi yé wa ni pé òmìnira ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ṣe fíìmù kò sí lẹ́nu kámẹ́rà. Ọjọ́ tí fíìmù bá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó máa gbé e fún aráyé ló máa hàn bóyá òun ló ni iṣẹ́ náà, tàbí alágbàṣe lásán ni.

Kí a kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ ṣe. George A. Romero, tó darí fíìmù náà, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Pittsburgh, Latent Image, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìpolówó ọjà fún tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí wọ́n pinnu láti ṣe fíìmù gidi, wọn ò lọ bá olówó kankan lákọ̀ọ́kọ́. Ènìyàn mẹ́wàá dáwó, 600 dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó di 6,000 dọ́là, wọ́n sì pe ẹgbẹ́ náà ní Image Ten. Ìyẹn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó wá àwọn mìíràn tó dá sí i, títí gbogbo ìnáwó náà fi wọ nǹkan bí 114,000 dọ́là. Owó kékeré gbáà nìyẹn lágbo sinimá Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ná an kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Wọ́n ti mọ bí a ṣe ń to iná, bí a ṣe ń gé àwòrán pọ̀, bí a ṣe ń parí iṣẹ́ lọ́jọ́ tí a dá. Karl Hardman àti Marilyn Eastman, tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ ohùn àti orin nílùú náà, wọlé sí i pẹ̀lú. Wọ́n ṣe tọkọtaya nínú eré, Hardman tún jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn agbátẹrù, Eastman sì ń kun ojú àwọn òkú. Russell Streiner náà ṣe agbátẹrù, ó sì ṣe ẹ̀gbọ́n tí òkú pa ní itẹ́ òkú níbẹ̀rẹ̀ fíìmù.

Àìlówó wọn ló sọ fíìmù náà di ohun tó ń dẹ́rù bani. Ilé kan tí wọ́n ti fẹ́ wó nítòsí Evans City ni wọ́n gbà lò, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa bínú bí wọ́n bá fọ́ fèrèsé rẹ̀ tàbí tí wọ́n bá kan pákó mọ́ gbogbo ẹnu ọ̀nà. Omi ṣokoléètì dídùn tí wọ́n ń ta nígò ni wọ́n fi ṣe ẹ̀jẹ̀: nínú fíìmù aláwọ̀, ẹni tó bá wò ó á mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú àwòrán dúdú àti funfun ó ṣú, ó ki, ó sì ń ṣàn bí ẹ̀jẹ̀ gan-an. Ẹnì kan tó bá wọn dá sí i tó jẹ́ alápatà ló fún wọn ní ẹran àti ìfun tí àwọn òkú ń jẹ. Àwọn ará àdúgbò ló wá ṣe òkú. Fún Ben, ẹni tó ń darí àwọn tó há sínú ilé, wọ́n mú Duane Jones, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú. Romero sọ pé kò sí ohun méjì ju pé òun ló ṣe dáadáa jù nínú àwọn tó wá dánra wò, wọn ò sì kọ àwọ̀ ènìyàn sínú ìwé eré. Ben ló yè títí ilẹ̀ fi mọ́, àfi bí àwọn ọlọ́dẹ tó wá gba ìlú sílẹ̀ ṣe rò pé òkú ni, tí wọ́n yìnbọn lù ú, tí wọ́n sì wọ́ ọ lọ dáná sun. Kò sí owó tó lè ra irú ìparí bẹ́ẹ̀. Èrò orí ló bí i.

Ìparí yẹn ló sì kọ́kọ́ dán òmìnira wọn wò. Romero máa ń sọ pé àwọn ń wa ọkọ̀ gbé fíìmù náà lọ sí New York nígbà táwọn gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti pa Martin Luther King, ìyẹn lọ́jọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 1968. Ilé-iṣẹ́ Columbia wò ó, wọ́n ní àwọn ò ṣe. Ilé-iṣẹ́ American International Pictures ní kí wọ́n lọ tún ìparí rẹ̀ ṣe. Wọn ò gbà. Walter Reade Organization ló gbà láti gbé e jáde láìgé nǹkan kan kúrò. Títí dé ibí yìí, gbogbo ohun tí a lè béèrè lọ́wọ́ olóòmìnira ni wọ́n ṣe: wọ́n dáwó ara wọn, wọ́n mú òṣèré tó wù wọ́n, wọ́n sì kọ̀ láti ta ìparí ìtàn wọn.

Ohun tó bà á jẹ́ kò ju ìlà ọ̀rọ̀ kan lọ. Night of the Flesh Eaters ni àkọlé tí fíìmù náà ní tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n fíìmù mìíràn ti wà tó ń jẹ́ The Flesh Eaters, nítorí náà wọ́n ní láti yí i padà. Àwọn tó fẹ́ gbé e jáde yọ àwòrán àkọlé àtijọ́ kúrò, wọ́n fi tuntun sí i. Lábẹ́ àkọlé àtijọ́ yẹn gan-an ni gbólóhùn tó ń sọ ẹni tó ni iṣẹ́ àti ọdún tó jáde wà, kò sì sẹ́ni tó rántí láti kọ ọ́ sábẹ́ tuntun. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà ìgbà náà, iṣẹ́ tó bá jáde fún aráyé láìsí gbólóhùn yẹn lára rẹ̀ kò ní ẹni tó ni ín mọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ pé a gbàgbé ni, kò sì sí ọ̀rọ̀ pé gbogbo ìlú mọ ẹni tó ṣe é. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí fíìmù náà ní Pittsburgh, ó ti di ti gbogbo ayé.

Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò dé, ẹnikẹ́ni tó bá ti rí ẹ̀dà kan mú lè dà á kọ, kó tà á, kó fi han lórí tẹlifíṣọ̀n, kó gé e, kó kun ún láwọ̀, kó sì má fún ẹnì kankan ní kọ́bọ̀. Wọ́n fojú bù ú pé fíìmù náà pa tó mílíọ̀nù 30 dọ́là káàkiri ayé. Àwọn Image Ten gbé ilé-iṣẹ́ tó bá wọn gbé e jáde lọ sílé ẹjọ́ lórí owó tó yẹ kó kàn wọ́n, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà wọko gbèsè, ó sì kógbá sílé. Nígbà tí wọ́n tún fíìmù náà ṣe lọ́dún 1990, tí Tom Savini darí rẹ̀, lára ìdí tí Romero àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi dá a lé ni kí ó lè ku ohun kan tí wọ́n lè pè ní tiwọn nínú ìtàn tí wọ́n dá sílẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n á ní àdánù náà ló di ire. Wọ́n á ní bí kò bá jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni, tẹlifíṣọ̀n ì bá má máa gbé e ní gbogbo ìgbà, òkìkí rẹ̀ ì bá má sì tó báyìí. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, torí ohun tó bá wà lọ́fẹ̀ẹ́ máa ń tètè kárí ilé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ti ń tò síwájú sinimá láti wò ó kí kásẹ́ẹ̀tì tó dé rárá. Èkejì, ọ̀fẹ́ kò tọ́jú iṣẹ́: fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀dà tó ṣú, tó ti họ, tó sì ń fò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò, àfi nígbà tí ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Museum of Modern Art ní New York gbé àtúnṣe tó mọ́ kedere jáde lọ́dún 2016, láti ara fíìmù àkọ́yà. Ẹ̀kẹta ló wúwo jù. Lọ́dún 1978, Romero ṣe Dawn of the Dead. Dario Argento láti Ítálì wà lára àwọn tó gbé owó sílẹ̀, àdéhùn wọn sì ni pé òun ni yóò máa bójú tó o láwọn ilẹ̀ tí wọn kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n pín ayé sí méjì lórí ìwé kí fíìmù tó jáde. Fíìmù yẹn náà lókìkí, ó sì ní ẹni tó ni ín. Òkìkí àti ẹ̀tọ́ kì í ṣe orogún.

Ẹlòmíràn á ní ọ̀rọ̀ àná nìyẹn, pé òfin ti yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1989, òfin Amẹ́ríkà kò fi dandan lé gbólóhùn yẹn mọ́; ẹ̀tọ́ ti wà lára iṣẹ́ látìgbà tí wọ́n ti ṣe é. Ní Nàìjíríà pàápàá, kò di ìgbà tí èèyàn bá forúkọ sílẹ̀ kí òfin tó mọ̀ ọ́n ní oníṣẹ́. Àmọ́ òfin tó ní ìwọ lo ni ín kò lè dí ọ lọ́wọ́ láti fi ọwọ́ ara rẹ buwọ́ lù ú fún ẹlòmíràn. Ẹ wo The Blair Witch Project, tí Daniel Myrick àti Eduardo Sánchez darí. Òṣèré mẹ́ta wọ inú igbó ní Maryland lọ́dún 1997, àwọn fúnra wọn gbé kámẹ́rà, orúkọ àbísọ wọn ni wọ́n jẹ́ nínú eré, wọ́n sì ń hùmọ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ bí wọ́n ṣe ń rìn lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n fi hàn níbi àpéjọ Sundance lọ́dún 1999, ilé-iṣẹ́ Artisan rà á ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kan lé díẹ̀ dọ́là, owó tó sì pa ní sinimá sún mọ́ mílíọ̀nù 250 dọ́là. Lọ́dún 2024, àwọn òṣèré mẹ́ta náà ṣì ń kígbe síta pé ohun tó kan àwọn kò tẹ àwọn lọ́wọ́. Kò sí gbólóhùn tó sọnù níbẹ̀. Bí àdéhùn ṣe rí níbẹ̀rẹ̀ ló bí i.

Àwọn tó ń ṣe fíìmù nílẹ̀ Yorùbá kò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé Ayé jáde lọ́dún 1979 àti Jáíyésinmi lọ́dún 1980, àwọn fíìmù tí ìjà pẹ̀lú àwọn àjẹ́ wà nínú wọn, kò dà wọ́n sọ́wọ́ alárinà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń gbé fíìmù wọn láti ìlú dé ìlú, tí àwọn ènìyàn wọn ń dúró sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn gba owó. Ó lè dà bí àìgbára-lé-ènìyàn, ṣùgbọ́n ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Moses Ọláìyá, Baba Sàlá wa, lórí Ọ̀run Móoru lọ́dún 1982: àwọn ayédèrú rí ẹ̀dà mú, wọ́n dà á sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì tà á káàkiri, gbèsè fíìmù náà sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ti Image Ten, òfin ló gbà á lọ́wọ́ wọn. Ti Baba Sàlá, olè ni. Àárín ìgbà tí fíìmù parí àti ìgbà tó dé iwájú òǹwòran ni àwọn méjèèjì ti bọ́ sọ́wọ́ ìyà.

Àtakò kan tó kù ni pé ẹni tó ń yá owó ra oúnjẹ fún àwọn òṣèré rẹ̀, níbo ni yóò ti rí owó lọ́yà? Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀ràn yìí ń béèrè kò pọ̀ tó bí a ṣe rò. Kí àdéhùn láàárín àwọn tó dáwó wà lórí ìwé kí wọ́n tó ya àwòrán àkọ́kọ́. Kí ìwé tí òṣèré buwọ́ lù sọ ohun tó kàn án bí fíìmù bá pa ju iye tí wọ́n rò lọ. Kí ẹni tó ni fíìmù fúnra rẹ̀ wo ẹ̀dà tó ń jáde láti orí àkọlé títí dé orúkọ tó kẹ́yìn. Kó sì má ta gbogbo ilẹ̀ ayé àti gbogbo ọdún fún màkẹ́tà tàbí ìkànnì kan ṣoṣo nígbà tó lè fi ìwọ̀nba ọdún àti ìwọ̀nba ilẹ̀ yá a. Ìwé méjì mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀, kò tó ìnáwó ọjọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó ṣe Night of the Living Dead fi ọ̀pọ̀ oṣù ya fíìmù náà lọ́dún 1967. Ká ní ẹnì kan nínú wọn fi wákàtí kan péré jókòó ti àkọlé tuntun yẹn kí wọ́n tó tẹ ẹ̀dà rẹ̀, ilé wọn ni owó náà ì bá wọlé sí.