Lílo Àtẹ inú Google Docs fún Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Àwọn Agbẹ́gilére Òsì

Ìlú Òsì, ní agbègbè Èkìtì ti Ìpínlẹ̀ Kwara, kì í ṣe àjèjì sí àwọn tó ń kọ́ nípa iṣẹ́ ọnà Yorùbá. Ibẹ̀ ni ìlú Aréògún, agbẹ́gilére tó kú ní 1954, tó sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bámgbóṣé. Ọmọ rẹ̀, George Bándélé, ló kọ́ Lámídì Fákẹ́yẹ níṣẹ́ ní Ọyẹ́-Èkìtì, ní ibùdó iṣẹ́ ọnà tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní 1947. Àwọn ilẹ̀kùn àti ère Ẹpa tí wọ́n gbẹ́ ti fọ́n ká sí àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí nílé àti lókè òkun. Àwọn agbẹ́gilére àtijọ́ kì í sábà kọ orúkọ sára iṣẹ́ wọn. Ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ sì lè jùmọ̀ gbẹ́ igi kan náà. Nítorí èyí, ẹni tó bá ń to iṣẹ́ wọn sínú àtẹ ní láti ṣọ́ra, kí àtẹ má baà sọ ju ohun tí ẹ̀rí sọ lọ.

Dídá àtẹ sílẹ̀ kò le. Olùwádìí yóò tẹ Insert, yóò tẹ Table, yóò sì fi máòsì mú iye òpó àti ìlà tó fẹ́. Kò sí ìdí láti máa ṣírò ìlà ṣáájú: tí kọ́sọ̀ bá wà nínú àpótí tó kẹ́yìn, bọ́tìnnì Tab yóò fi ìlà tuntun kún un. Òpó ló gba àròjinlẹ̀. Yàtọ̀ sí òpó fún orúkọ agbẹ́gilére, ó yẹ kí òpó kan wà fún ẹni tó jẹ́rìí sí i. Èyí ni ọ̀pọ̀ àtẹ kò ní.

Ibi tí ewu wà ni síso àpótí pọ̀, èyí tí a ń rí lábẹ́ Merge cells. Bí ère Ẹpa mẹ́ta bá tẹ̀lé ara wọn lábẹ́ orúkọ Aréògún, ó máa ń wu ènìyàn láti so àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí àtẹ lè mọ́ lójú. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyẹn ń sọ fún òǹkàwé ni pé ẹ̀rí kan náà ló wà fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí àgbàlagbà kan ní Ìlọ́fà bá wá sọ lẹ́yìn náà pé ọwọ́ Bándélé ni ọ̀kan nínú wọn ti jáde, títú àpótí náà kò ní dá orúkọ padà sí ààyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àpótí àkọ́kọ́ ni gbogbo rẹ̀ yóò wà. Títún orúkọ kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sàn jù.

Àpótí òfìfo pẹ̀lú ní ìtumọ̀ méjì: a kò tíì béèrè, tàbí a béèrè, kò sí ẹni tó mọ̀. Èkejì ní láti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú àpótí.

Bákan náà ni ọdún. Nǹkan bí 1880 ni wọ́n máa ń sọ pé a bí Aréògún. Bí a bá kọ ọ́ báyìí, tí a sì lo Sort, lẹ́tà ni yóò fi tò ó, yóò sì bọ́ sẹ́yìn gbogbo iye. Kí 1880 dá wà. Kí “nǹkan bí” lọ sí òpó tirẹ̀.

Tí ọwọ́ púpọ̀ bá wà nínú àtẹ kan, Version history yóò fi ẹni tó yí orúkọ padà hàn àti àkókò tó ṣe é. Àtúnṣe sí òpó agbẹ́gilére gbọ́dọ̀ gba Suggesting kọjá, kí ẹni tó gba ẹ̀rí sílẹ̀ lè rí i kó tó wọlé.